Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ní ẹ ò láṣẹ: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí l'Ógbómọ̀ṣọ́ àti èsì wọn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń bá àwọn ọ́fíìsì tún kọ̀ǹpútà ṣe níbí, láti Tákíè títí dé Under G, iléèwé ni o, kọ́ọ̀pù ni o, bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni o, èyí tó bá ṣáà pè. Ìpè tó pọ̀ jù ni ti "ó ní mi ò láṣẹ" àti "ó ní kí n lọ pe ádímìn". Windows ni gbogbo ohun tí mo kọ síbí dá lé. Ẹ wá èyí tó jọ tiyín, kò di dandan kẹ́ ẹ kà á látòkè délẹ̀.

Èmi ni mò ń lo kọ̀ǹpútà yìí lójoojúmọ́, kí ló dé tó tún ń ní kí n pe ádímìn?

Torí lílò yàtọ̀ sí níní àṣẹ. Oríṣi akáǹtì méjì ló wà lórí Windows, standard àti administrator, èyí tá a ń pè ní ádímìn, òun ló ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ náà. Ẹni tó wà lórí standard lè tẹ lẹ́tà, ó lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè tẹ nǹkan jáde, ó lè gbé àwòrán ọmọ ẹ̀ sójú skrín bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò lè fi sọ́fítíwíà tó máa kan gbogbo èèyàn sórí ẹ̀rọ, kò lè yí aago padà, kò sì lè ṣí ohun tí ẹlòmíì tọ́jú sábẹ́ orúkọ tiẹ̀. Látìgbà Windows Vista ni Microsoft ti fi àpótí kan sí i tó máa ń mú kí skrín ṣókùnkùn, UAC lorúkọ ẹ̀. Tó bá tún yọ, ẹ wò ó dáadáa. Tó bá jẹ́ Yes àti No nìkan ló wà níbẹ̀, ádímìn ni yín, ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ni. Tó bá ní kẹ́ ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù, ẹ kì í ṣe ádímìn nìyẹn, kẹ́ ẹ máa tẹ páswọ́ọ̀dù tiyín síbẹ̀ léraléra ò lè yí nǹkan kan padà.

Ó kọ "Access is denied". Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó sọ pé rárá. Ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí, wọ́n á rí "denied", wọ́n á ní kí n sọ àwọn di ádímìn kíá, nígbà tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n jókòó tì ò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tí àwọn tó kù ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀, ló lé wọn padà. Ọ̀nà kan ò wọjà. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ yín fúnra ẹ̀, ó lè jẹ́ policy (òfin ohun tẹ́ ẹ lè ṣe àti ohun tẹ́ ò lè ṣe) tí sáfà fi ránṣẹ́ sí i, ó lè jẹ́ fódà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí, ó lè jẹ́ akáǹtì yín ló ti lọ́ọ̀kù, bẹ́ẹ̀ gbogbo wọn ló máa ń jọra lójú ẹni tó ń kánjú.

Ohun tó kọ sójú skrín máa ń tú àṣírí ara ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó tẹ OK. Tó bá ní "You don't currently have permission to access this folder", fódà yẹn ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Tó bá ní "This app has been blocked by your system administrator", policy ni, kì í ṣe pé sọ́fítíwíà yẹn bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí "managed by your organization" nínú Settings, policy náà ni. "The referenced account is currently locked out" ní tiẹ̀, ẹnì kan ti tẹ páswọ́ọ̀dù yín tì jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ whoami. Tó bá jẹ́ orúkọ kọ̀ǹpútà yẹn ló ṣáájú orúkọ yín, akáǹtì orí ẹ̀rọ yẹn nìkan lẹ wà, kọ̀ǹpútà míì ò mọ̀ yín rí. Tó bá jẹ́ orúkọ dómèènì (mo ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀) ló ṣáájú, sáfà ló ni yín. Ẹ tún tẹ net localgroup administrators, á to orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ́ ádímìn lórí ẹ̀rọ náà fún yín, ẹ ò sì ní láti jẹ́ ádímìn kẹ́ ẹ tó lè wò ó. Orúkọ tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ lè yà yín lẹ́nu, mo ti bá orúkọ ẹni tó ti kúrò níbi iṣẹ́ tipẹ́ níbẹ̀ rí. gpresult /r ló máa sọ àwọn policy tó ń já lé yín lórí, àmọ́ tẹ́ ò bá jẹ́ ádímìn, apá ti yúsà nìkan lẹ máa rí, kò ní fi apá ti kọ̀ǹpútà hàn yín.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá dómèènì la ní àbí wọkígúrúùpù?

Ẹ di kọ́kọ́rọ́ Windows mú kẹ́ ẹ tẹ R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ tẹ Enter. Ó wà níbẹ̀, Domain tàbí Workgroup.

Wọkígúrúùpù ló pọ̀ jù ní àwọn ọ́fíìsì kékeré tí mo máa ń dé. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ tiẹ̀ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá dá Ṣadé sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ti rìsẹ́pṣọ̀n, ẹ̀rọ ti akáúńtáǹtì ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Ṣadé. Ní dómèènì, sáfà ló mú ìwé orúkọ kan ṣoṣo lọ́wọ́, gbogbo ẹ̀rọ ló ń bi í. Ẹ má sì gbàgbé pé Windows Home ò lè wọ dómèènì rárá, kò sì ní gpedit.msc tí wọ́n fi ń ṣètò policy, Pro lẹ nílò. Àwọn kan ti ra lápútọ́ọ̀pù tuntun fún gbogbo ọ́fíìsì kí wọ́n tó wá mọ̀ pé Home ló wà lórí ẹ̀.

Ádímìn ni mí lórí ẹ̀rọ tèmi àti ẹ̀rọ kejì, páswọ́ọ̀dù kan náà, síbẹ̀ tí mo bá fẹ́ gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ C$ (gbogbo dísìkì C) ẹ̀rọ kejì, ó ń kọ̀ fún mi.

Èyí máa ń ya àwọn tó mọ̀ ọ́n gan-an lẹ́nu. Tó bá jẹ́ wọkígúrúùpù, Windows máa ń bọ́ agbára ádímìn kúrò lára akáǹtì yín tẹ́ ẹ bá ti gba orí wáyà wọlé, standard ló máa kà yín sí. Kì í ṣe àṣìṣe, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí fáírọ́ọ̀sì tó bá rí páswọ́ọ̀dù kan gbà má baà ti orí ẹ̀rọ kan fò sí òmíì. Akáǹtì tó ń jẹ́ Administrator gan-an tó bá Windows wá ni ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà kàn, òun náà sì wà ní pípa látilẹ̀.

Wọ́n á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lọ sí registry, ibi tí Windows ń kọ ètò ẹ̀ sí, kẹ́ ẹ sọ LocalAccountTokenFilterPolicy di 1. Ó máa ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Èmi kì í ṣe é. Tó bá jẹ́ fáìlì lẹ fẹ́ mú, ẹ ṣe share fódà kan fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ fi C$ sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Fódà tá a jọ ń lò ń ṣí fún àwọn kan, kò ṣí fún àwọn kan. Mo ti fún gbogbo èèyàn ní Full Control o!

Ibo lẹ ti fún wọn? Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ń yẹ èèyàn wò kó tó dé inú fódà tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bíi géètì àti ilẹ̀kùn yàrá. Tábù Sharing ni géètì, tábù Security ni ilẹ̀kùn yàrá. Tẹ́ ẹ bá ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu tí yàrá ṣì wà ní títì, ìta ni wọ́n máa dúró sí. Nínú méjèèjì, èyí tó le jù ni Windows máa tẹ̀ lé. Deny sì máa ń borí Allow, nítorí náà tẹ́nì kan bá wà nínú gúrúùpù méjì tí wọ́n ti fún ọ̀kan láṣẹ tí wọ́n sì tẹ Deny sí èkejì, kò ní wọlé, kódà kó jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Mi ò kì í fọwọ́ kan Deny rárá, kẹ́ ẹ má kàn fi orúkọ ẹni náà síbẹ̀ ti tó.

Ohun míì tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí ni pé látìgbà tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ti gbé ẹ̀rọ wọn lọ sórí Windows 11, wọ́n wá rí i pé fódà tó ń ṣí tẹ́lẹ̀ láìbéèrè páswọ́ọ̀dù ò ṣí mọ́. Lórí Windows 11 Pro ti 24H2, wọ́n ti pa ọ̀nà gẹ́ẹ̀sì yẹn, ìyẹn kẹ́nì kan kàn wọlé láìsọ orúkọ. Ẹ dá akáǹtì tó ní páswọ́ọ̀dù sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí fódà wà, kẹ́ ẹ tẹ orúkọ yẹn nígbà tó bá béèrè, ó tán. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ fotokọ́pì àtijọ́ ló kọ̀ láti fi skáànù ránṣẹ́ sínú fódà, SMB1, èdè àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń pín fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ṣeé ṣe kó ń sọ, Windows sì ti yọ ọ́ kúrò látilẹ̀ láti 2017. Ẹ má tan SMB1 padà nítorí fotokọ́pì. Inú rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì WannaCry gbà jà lọ́dún 2017 yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa skáànù sí fláàṣì tàbí sí ímeèlì.

Príńtà tá a ti ń lò tipẹ́ ṣàdédé ń béèrè páswọ́ọ̀dù ádímìn.

Ní July 2021 ni ariwo PrintNightmare gbòde, ihò kan nínú Print Spooler, apá Windows tó ń bójú tó títẹ nǹkan jáde, tó lè sọ ẹni tí kò láṣẹ kankan di ọ̀gá lórí ẹ̀rọ. Láti àpdéètì August ọdún náà, ẹni tí kì í ṣe ádímìn ò lè gba dráífà príńtà (sọ́fítíwíà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá príńtà sọ̀rọ̀) látorí sáfà mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá yí dráífà padà lórí sáfà, gbogbo ẹ̀rọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lákọ̀tun. Kí ádímìn lọ fi dráífà tuntun sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Nǹkan kan wà nínú registry tó lè mú un padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ihò yẹn náà lẹ sì máa ṣí padà.

Iná lọ lánàá, nígbà tó dé láàárọ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè wọlé sórí ẹ̀rọ méjì nínú ọ́fíìsì wa. Páswọ́ọ̀dù tọ̀nà o.

Ẹ wo aago àti ọjọ́ tó wà lójú skrín kẹ́ ẹ tó dé ibi tẹ́ ẹ ti ń tẹ páswọ́ọ̀dù. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ọjọ́ ibẹ̀ ti ṣìnà. Nínú ẹ̀rọ désíkítọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, bátìrì pẹrẹsẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù, tó rí roboto bíi kọ́ìnì, CR2032 ni wọ́n kọ sára ẹ̀, òun ló ń bá ẹ̀rọ ka ọjọ́ nígbà tí iná ò bá sí. Nílùú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, táwọn èèyàn sì máa ń yọ ẹ̀rọ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì pátá tí wọ́n bá ń lọ sílé, bátìrì yẹn ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo òru, kì í pẹ́ kú. Tó bá ti kú, iná á dé, ẹ̀rọ á tàn, á máa rò pé ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn la wà.

Dómèènì ò fara mọ́ ìyẹn. Kerberos tó ń yẹ páswọ́ọ̀dù wò kì í gbà kí aago ẹ̀rọ àti ti sáfà fi ju ìṣẹ́jú 5 lọ síra, bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn. Á máa sọ "There is a time and/or date difference between the client and server", tàbí kó kàn kọ̀ láìṣàlàyé. Àmì míì ni pé gbogbo wẹ́bsáìtì tẹ́ ẹ bá ṣí á máa sọ "Your connection is not private". Ẹ pààrọ̀ bátìrì yẹn, owó kékeré ni, ó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún aago ṣe, kẹ́ ẹ wá fi akáǹtì ádímìn tún aago tò, tàbí kẹ́ ẹ tẹ w32tm /resync. Àmọ́ ẹ wo aago sáfà kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ìyẹn, torí tó bá jẹ́ òun ló ṣìnà, gbogbo ẹ̀rọ ló máa tẹ̀ lé e ṣìnà.

Tó bá jẹ́ "The trust relationship between this workstation and the primary domain failed" ló kọ, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ní páswọ́ọ̀dù àṣírí tó jọ mọ̀ pẹ̀lú sáfà, ó sì máa ń yí i padà ní ọjọ́ 30 ọjọ́ 30. Tẹ́nì kan bá wá ṣe System Restore, tàbí tó dá bákọ́ọ̀pù àtijọ́ padà sórí ẹ̀, páswọ́ọ̀dù àtijọ́ ló máa gbé wá, sáfà á ní òun ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ yọ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò lẹ́yìn ẹ̀rọ kẹ́ ẹ fi páswọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ wọlé. Ó máa ń gbà, torí Windows máa ń tọ́jú ti àwọn 10 tó wọlé kẹ́yìn sórí ẹ̀rọ. Ìyẹn á jẹ́ kẹ́ ẹ lè parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Àtúnṣe gan-an ni kí ádímìn orí ẹ̀rọ náà wọlé kó lo Test-ComputerSecureChannel -Repair nínú PowerShell, tàbí kó yọ ẹ̀rọ kúrò nínú dómèènì kó tún fi sí i padà. Kẹ́nikẹ́ni tó yọ ẹ̀rọ kúrò nínú dómèènì, kó kọ́kọ́ rí i dájú pé òun mọ páswọ́ọ̀dù ádímìn orí ẹ̀rọ yẹn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá tàn padà, ìta ni gbogbo yín wà.

Wọ́n á ṣí akáǹtì mi, kó tó di ọ̀sán á tún ti lọ́ọ̀kù. Ṣé ẹnì kan ń fi mí ṣeré ni?

Ó lè jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà láìpẹ́, àbí? Ibì kan wà tí wọ́n ti tọ́jú èyí àtijọ́, tó sì ń gbé e lọ bá sáfà léraléra: fóònù yín tó ń gba ímeèlì ọ́fíìsì, kọ̀ǹpútà ibòmíì tẹ́ ẹ wọlé sí tẹ́ ò sì jáde, tàbí Credential Manager nínú Control Panel. Ẹ kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tó jọ ti sáfà yín rẹ́. Tó bá ṣì ń ṣe é, kí ẹni tó ń mójú tó sáfà wo Event Viewer, event 4740, orúkọ kọ̀ǹpútà tí wàhálà ti ń wá wà níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, sọ́fítíwíà ìṣirò owó wa ò ṣiṣẹ́ àfi tá a bá sọ akáúńtáǹtì di ádímìn. Ẹni tó tà á fún wa ló sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ torí òun ló rọrùn fún wọn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sọ́fítíwíà àtijọ́ yẹn fẹ́ máa kọ fáìlì rẹ̀ sínú Program Files, ibẹ̀ sì ni standard ò lè kọ nǹkan sí. Ẹ wá fódà rẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnì ọ̀tún, Properties, Security, Edit, kẹ́ ẹ fún akáúńtáǹtì ní Modify lórí fódà yẹn nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà ìyẹn ti parí ẹ̀. Tí kò bá gbà, Process Monitor wà, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ Microsoft, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí sọ́fítíwíà náà, kẹ́ ẹ wá ACCESS DENIED nínú ohun tó kọ, á sọ fáìlì tàbí registry tó ń dí i lọ́wọ́ ní pàtó. Ó gba sùúrù díẹ̀, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ ọn ju kí akáúńtáǹtì tó ń ṣí ímeèlì gbogbo ayé máa jókòó sórí akáǹtì ádímìn.

Lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo rà, owó mi ni, kí ló dé tó ń sọ "managed by your organization"? Organization wo?

Ẹ lọ sí Settings, Accounts, Access work or school. Tẹ́ ẹ bá rí orúkọ iléeṣẹ́ kan níbẹ̀ tó sì gbà kẹ́ ẹ tẹ Disconnect, ẹ tẹ̀ ẹ́. Tí ò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ó lè jẹ́ sọ́fítíwíà kan tàbí ẹni tó ta ẹ̀rọ fún yín ló fọwọ́ kan registry, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ léwu.

Èyí tó burú ni kẹ́ ẹ fọ ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ fi Windows tuntun sí i, kẹ́ ẹ tan hótspọ́ọ̀tì, kó wá kí yín káàbọ̀ sí iléeṣẹ́ kan nílẹ̀ òkèèrè tẹ́ ò dé rí. Autopilot nìyẹn, wọ́n ti fi nọ́ńbà ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft lórúkọ iléeṣẹ́ yẹn, àwọn nìkan ló lè yọ ọ́. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á ṣe reset níṣojú yín, kẹ́ ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, kẹ́ ẹ sì bá a dé ibi tó ti ń béèrè orúkọ. Tó bá ní dátà òun ti tán, ẹ fún un ní tiyín.

Ṣé ò wá rọrùn tá a bá sọ gbogbo òṣìṣẹ́ di ádímìn kí ariwo lè dínkù?

Ọ̀gá àgbà ló sábà máa ń béèrè èyí, òun náà ló sì máa ń fẹ́ kó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ látorí òun. Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Fáírọ́ọ̀sì tó bá gba ọwọ́ yín wọlé, agbára tẹ́ ẹ ní ló máa lò. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ standard, fáìlì tiyín àti fódà tẹ́ ẹ lè kọ nǹkan sí ló máa bàjẹ́, ìyẹn náà dùn mí fún yín. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ádímìn, ó lè pa áńtífáírọ́ọ̀sì, ó lè pa bákọ́ọ̀pù, ó lè jí páswọ́ọ̀dù gbogbo ẹni tó ti wọlé sórí ẹ̀rọ yẹn. Àwọn "activator" tí wọ́n ń pín kiri lórí fláàṣì kẹ́ ẹ lè lo sọ́fítíwíà láìsanwó, tó ní kẹ́ ẹ pa áńtífáírọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí ádímìn, kí lẹ rò pé ó fẹ́ ṣe?

Kódà ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà, kó ní akáǹtì méjì, standard fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, ádímìn fún àtúnṣe. Páswọ́ọ̀dù ádímìn orí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá ní dómèènì, Windows LAPS tó ti wà nínú Windows láti April 2023 á máa yí i padà fún yín fúnra ẹ̀.

Ẹni tó mọ páswọ́ọ̀dù ádímìn ti kúrò níbi iṣẹ́, kò sì gbé ìpè mọ́.

Tó bá jẹ́ dómèènì, ádímìn dómèènì míì lè wọlé kó yí i padà, kò le rárá. Tó bá jẹ́ wọkígúrúùpù, ẹ fi net localgroup administrators wò ó bóyá ẹlòmíì wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ ti gbàgbé. Tí kò bá sí, ẹni tó mọ̀ ọ́n lè fi fláàṣì tan ẹ̀rọ kó tún páswọ́ọ̀dù ṣe, àfi tí BitLocker, ètò tó ń ti dísìkì pa, bá wà lórí ẹ̀, nígbà náà ẹ máa nílò recovery key tó jẹ́ nọ́ńbà 48, tí kò bá sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀, fáìlì inú ẹ̀ ti lọ. Kí iléeṣẹ́ kọ lẹ́tà tó fọwọ́ sí i kẹ́nikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, èmi kì í ṣe é láìrí lẹ́tà.

Tí mo bá wá ọgbọ́n kan dá láti sọ ara mi di ádímìn lórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ńkọ́?

Òfin Cybercrimes ti Nàìjíríà, ti 2015, ní abala tó dá lórí wíwọ kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ, kò sì sọ pé àyàfi tẹ́ ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ẹ béèrè.

Kí ni kí n ní lọ́wọ́ kí n tó pe yín?

Fọ́tò ohun tó kọ sójú skrín, gbogbo ẹ̀ o, kì í ṣe ìlàjì. Ohun tí whoami sọ. Bóyá ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe àbí gbogbo ọ́fíìsì, torí tó bá jẹ́ gbogbo ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ sáfà ni mò ń lọ tààrà. Kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó yí padà kó tó bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ àpdéètì, ì báà jẹ́ ráútà tuntun, ì báà jẹ́ ọmọ ọ̀gá tó wá ṣe géèmù lórí ẹ̀ ní Sátidé.